Bí Ọ̀gà Bá Fara Pa: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé àti Àgbẹ̀ ní Èkìtì

Àsìkò tí a bá ń ro oko kòkó, tí a sì ń ṣán ẹ̀yìnkùlé, ni ọ̀gà máa ń fara gbọgbẹ́ jù. Àdá kì í rí i, torí ó ti gbé àwọ̀ ewé wọ̀. Adìẹ ń ṣá a lẹ́nu, ajá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ọmọdé sì ń fà á kúrò lórí ẹ̀ka bí ẹni ń ká gúáfà. Ẹni tó ń sin ọ̀gà nínú ilé la kọ ìwé yìí fún, àti àgbẹ̀ tó bá rí èyí tó fara pa lóko tí kò fẹ́ kó kú. Agẹmọ tàbí alágẹmọ làwọn mìíràn ń pè é. Ẹ fi ohùn sí i dáadáa bí ẹ bá ń kà á fáwọn ọmọ: ọ̀gà ni, kì í ṣe ọ̀gá.

Kò ní oró. Bó bá bu yín jẹ, á ta yín díẹ̀, ó parí. Èmi náà ti sá fún un rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń fún ẹran pọ̀ jù, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rù sílẹ̀ ná. Lójú tèmi, ìtọ́jú oníkánjú ń pa ọ̀gà ju ọgbẹ́ lọ.

Kí ẹ tó gbé e

Ọ̀gà kì í ké bí ewúrẹ́. Ara rẹ̀ àti ojú rẹ̀ lẹ ó máa kà. Bó bá dúdú gidi, tó wú ara, tó sì ya ẹnu, ẹ̀rù tàbí ìrora ló ń bá a jà. Bó bá mọ́ lára lóru, ẹ má fòyà, oorun ló ń sùn. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni kó dijú lọ́sàn-án. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ojú ọ̀gà kì í sinmi, ọ̀kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn. Bó bá wá pa méjèèjì dé ní aago 12 ọ̀sán, ara rẹ̀ ò yá rárá. Bí ẹyinjú bá jìn sínú, omi ló ti tán lára rẹ̀.

Ẹ má fà á kúrò lórí igi. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ìrù rẹ̀ náà sì ń wé mọ́ ẹ̀ka; ẹni tó bá fà á, èékánná ló máa fà yọ. Ẹ tẹ́ ọwọ́ kan síwájú àyà rẹ̀, ẹ rọra fi ìka ọwọ́ kejì kàn án nídìí ìrù, á gùn yín lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rìn. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka náà tòun tọ̀gà.

Ọgbẹ́

Ẹ se omi inú ọ̀rá kan, èyí tó jẹ́ 50 cl, ẹ po iyọ̀ síbí kékeré kan mọ́ ọn, kí iyọ̀ náà má yọ òkè. Bó bá ti tutù, ẹ máa rọra sẹ̀ ẹ́ sójú ọgbẹ́ títí ìdọ̀tí yóò fi ṣàn kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ra áyódìn ní kẹ́míìsì, èyí tí wọ́n kọ povidone-iodine sí lára. Ìwọ̀n kan rẹ̀ sínú omi ìwọ̀n 10, kó rí bíi tíì tí kò ki. Òwú mímọ́ ni ẹ ó fi tọ́ ọ sójú ọgbẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ kan ojú tàbí ẹnu.

Mo mọ̀ pé kò sílé tí kò ní epo pupa. Mo ti fi í pa ọgbẹ́ ọ̀gà kan rí, nígbà tí n kò tíì mọ̀. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà sì dé kílẹ̀ tó ṣú. Oyin náà á pe èèrà. Tábà ló burú jù, torí oró inú rẹ̀ ń gba awọ wọlé. Sípírítì àti apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Parasitámọ́ọ̀lù kì í ṣe ti ọ̀gà.

Bó bá jẹ́ èékánná nìkan ló ya, ẹ fi fúláwà díẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á dá. Ìrù tó bá gé kò ní hù mọ́. Ti ọmọ́nlé ló ń hù. Ẹsẹ̀ tó bá dá, ẹ má fi ọ̀pá dì í, egungun rẹ̀ kò tó igi ìṣáná. Ẹ gbé ẹ̀ka inú àgò wá sísàlẹ̀ ni, kó má ga ju 10 sẹ̀ńtímítà lọ, kó má baà tún já lulẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà ẹran.

Omi, oòrùn, oúnjẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ lè gbé abọ́ omi síwájú ọ̀gà kí òùngbẹ pa á kú síbẹ̀, torí ẹ̀kán omi tó ń dán lórí ewé ló mọ̀ sí omi. Ẹ mú ọ̀rá omi tó kún, ẹ so ó mọ́ òkè àgò, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí ìdí rẹ̀, kó máa kán tó, tó, tó, sórí ewé gúáfà. (Ẹ̀ka osàn ní ẹ̀gún, kò yẹ aláìsàn.) Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Rọ́bà ìfọ́nmi tí wọ́n fi ń lọ aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n èyí tí oògùn apakoríko ti wọ̀ rí, ẹ má dán an wò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má sì tú omi sí i lẹ́nu, ihò tó fi ń mí wà níwájú ẹnu níbẹ̀, omi á gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ara ọ̀gà kì í dá gbóná fúnra rẹ̀, oòrùn ló ń yá. Bí ara kò bá gbóná, oúnjẹ kò ní dà, ọgbẹ́ kò ní tètè jinná. Ẹ gbé àgò rẹ̀ síta láti aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀, kí apá kan wà lábẹ́ ìbòòji kó lè yan ibi tó wù ú. Àgò onínẹ́ẹ̀tì ni o! Ìgò tàbí ike nínú oòrùn, síse lẹ ń se é. Nígbà ọyẹ́, pàápàá lórí òkè bíi Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ gbé e wọlé kílẹ̀ tó ṣú, ẹ fi aṣọ bo àgò, kí ẹ má gbé e sẹ́bàá èéfín ààrò. Òun nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀gà méjì nínú àgò kan, ìjà ni.

Tata, ìrẹ̀ àti eṣinṣin ni oúnjẹ rẹ̀. Kòkòrò náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ má mú un ní oko kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí, ẹ má sì fún un ní tanátaná, májèlé wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lọ èèpo ẹyin tí a ti sè gbẹ kó kúnná, ẹ wọ́n díẹ̀ sára kòkòrò: ìyẹn àti oòrùn ló ń mú egungun le. Bí kò bá jẹun lọ́jọ́ kìíní, ẹ má fi tipátipá la ẹnu rẹ̀.

Ohun tó kọjá agbára yín

Ojú eyín ológbò kéré, ṣùgbọ́n ó jìn. Ọ̀gà tí ológbò tàbí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni èyí tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta tí kò padà. Ahọ́n yẹn gùn ju ara rẹ̀ lọ, ẹ má fà á, ẹ má sì tì í wọlé. Ẹ fi omi tútù rin ín kí ẹ máa lọ. Bí ibì kan bá wú tó sì le, ẹ má fún un. Ọyún ọ̀gà kì í ṣàn bíi tènìyàn, ó ń dì bíi wàrà, ọ̀bẹ dókítà ló lè gbé e jáde.

Èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi tó sì ń rìn kiri nílẹ̀ àgò lè má ṣàìsàn, ẹyin ló fẹ́ yé. Ẹ bu iyanrìn tútù tó jìn tó 30 sẹ̀ńtímítà sínú gáráwá, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ bo ó, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, torí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà lára rẹ̀. Síbí tí ẹ fi po iyọ̀ rẹ̀, kó má padà sí ilé ìdáná.

Bó bá jẹ́ oko lẹ ti mú un wá, tó sì ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di igi mú ṣinṣin, tó ń ta ahọ́n mú kòkòrò láìtàsé, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i, láàárọ̀, lórí igi tó léwé. Bí wọ́n bá ń sun igbó lápá ibẹ̀, ẹ dá a dúró títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.