Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò: bí mo ṣe ń mú ọ̀kan fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta

Kúbwà ní Àbújá ni mo ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ sì ni mo ń ṣe níbẹ̀. Tí ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta bá ti ń bọ̀, àwọn oníbàárà mi á máa bi mí pé, “Ìyá Ìbejì, ṣé Jọ́ọ̀sì ni ká lọ ni àbí Kánò?” Èmi náà á bi wọ́n padà: ta lẹ fẹ́ mú dání, oṣù wo sì ni?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà kúrò ńlẹ̀ ná. Kò sí rélùwéè láti Àbújá dé Jọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ni ẹ máa wọ̀, ẹ ó gba Kẹ́fì àti Akwanga, kí ẹ tó gun òkè Hawan Kibo. Tí ẹ bá kúrò nílé kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ ó jẹun ọ̀sán ní Jọ́ọ̀sì. Ti Kánò yàtọ̀. Bí owó bá wà, bààlúù ò gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bí kò bá sí, rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016 ń dúró ní Kúbwà níbí, ṣùgbọ́n Rigasa ní Kàdúná ló ń parí sí. Láti ibẹ̀, ẹ ó tún wá ọkọ̀ tó ń gba Sáríà lọ sí Kánò. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, òmíràn á tún lọ sí àbọ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ méjì péré lẹ ní, tí kò sì sí owó bààlúù, ẹ gba Jọ́ọ̀sì lọ.

Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ má rin alẹ́. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gan-an, kí ẹ bi í bí ọ̀nà àti ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó lọ lésìí ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì so méjèèjì pọ̀. Èmi àti baálé mi dán an wò rí: a sun oorun kan ní Jọ́ọ̀sì, a sun ọ̀kan ní Kánò. Inú ọkọ̀ ni gbogbo ìsinmi wa parí sí. Ó dùn mí wọra, torí owó tí a fi oṣù mẹ́jọ kó jọ ni.

Ní ti oṣù, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ooru Kánò kì í ṣe kékeré, ó ń wọ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju ìpele òkun lọ, òun ló fi ń tutù nígbà tí gbogbo wa ń làágùn. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ọyẹ́ á mú kí Kánò rọrùn, òtútù Jọ́ọ̀sì á sì máa wọ egungun. Àmọ́ eruku ọyẹ́ lè dá bààlúù dúró, nítorí náà ẹ má ṣe é kí ọjọ́ tí ẹ máa padà jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Oṣù kìíní ni màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Jọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn mi, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ibẹ̀ dára fún ìsinmi. Ìgbà tí mo rántí orúnkún wọn àti òtútù ni mo yí i padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé aláró ni wọ́n, ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe adìrẹ. Mo gé tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù Kánò.

Ní kòtò aró Kofar Mata, tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1498, ọkùnrin ló ń rẹ aró. Màmá dúró, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nílé wa, iṣẹ́ òrìṣà Ìyá Màpó ni, iṣẹ́ obìnrin. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, ti Kánò sì jẹ́ kòtò nínú ilẹ̀ tó jìn ju ọkùnrin gíga lọ. Síbẹ̀ eérú wà níbẹ̀, káún wà níbẹ̀, elú náà wà. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn aró náà, wọ́n ní, “Ó ti kan dáadáa.” Awakọ̀ wa, ọmọ Ọ̀ffà tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Kánò, túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá aláró kan. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àpótí fún wọn. Odidi wákàtí méjì ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀ nípa iye ọjọ́ tí aró ń lò, tí àwọn ọmọkùnrin sì ń fi kùmọ̀ lu aṣọ títí ó fi ń dán. A ò dé ọjà Kurmi lọ́jọ́ yẹn, kò sì dùn wá.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ kó lọ, Jọ́ọ̀sì ni mo máa ń sọ. Ọgbà ẹranko wà, àpáta Riyom wà lójú ọ̀nà. Nínú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1952, yàtọ̀ sí ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀kù, wọ́n kọ́ àwòṣe odi Kánò àti mọ́ṣáláṣí Sáríà síbẹ̀. Àwọn ìbejì mi sáré yí odi yẹn ká títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ẹ fọkàn sí ọjọ́ pẹ̀lú. Ọ̀sán Jímọ̀ ní Kánò, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì. Àárọ̀ Sunday ní Jọ́ọ̀sì, bákan náà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìborùn dání lọ sí Kánò.

Oníbàárà mi kan fẹ́ mú bàbá rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin yìí. Olùkọ́ ìtàn ni bàbá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní Jọ́ọ̀sì ni kí wọ́n lọ, kí bàbá lè fi ojú ara wọn rí àwọn ère Nọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Bùbá ọlọ́wọ́ gígùn wọn ló wà lórí ẹ̀rọ mi báyìí, torí ìrọ̀lẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ti Kúbwà.