Oge láìba àyíká jẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ìmúra òun fi hàn pé ọ̀rọ̀ àyíká jẹ òun lógún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń sáré lọ. Wọ́n á kó aṣọ tí wọ́n ti ní dànù, wọ́n á wá fi owó ńlá ra òmíràn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa àyíká sí lára. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ti wà nínú àpótí ni kò ní pa ayé lára mọ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀wù òwú alápá péńpé kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí 2,700 lítà omi kó tó délé yín. Omi yẹn ti lọ ná. Ohun tó kù tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ wọ ẹ̀wù náà títí yóò fi gbó.

Báàgì aláṣọ náà ti di irú ìṣòro yìí. Wọ́n ń pín in níbi ìpàdé, wọ́n ń pín in níbi ìgbéyàwó, ẹlòmíràn sì ti ní bíi mẹ́wàá tó so kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní orílẹ̀-èdè Denmark ṣírò pé tí a bá ń wo ooru ayé nìkan, èèyàn ní láti lo báàgì òwú kan ní ìgbà 52 kó tó sàn ju báàgì ike lásán lọ. Tí a bá ka gbogbo ọ̀nà mìíràn tí ṣíṣe rẹ̀ ń gbà ba ayé jẹ́ mọ́ ọn, ó di ìgbà 7,100. Èyí kò ní ká padà sídìí náílọ́ọ̀nù o. Ìṣirò yẹn kò ka ike tó ń dí gọ́tà àti èyí tó ń wọ inú òkun, àwa tá a sì ń gbé Èkó mọ ohun tí ojú wa ń rí nígbà òjò. Ìdí rèé tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024, tí òfin náà sì dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn àti náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Báàgì méjì tó lágbára tó. Àjákù àǹkárá tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ yín pàápàá ń di báàgì tó rẹwà, kò sì ní sí ìkejì rẹ̀ níbikíbi.

Àdìrẹ tí kì í ṣe àdìrẹ

Ọ̀pọ̀ gbà pé tí àwọn bá ti wọ àdìrẹ, àwọn ti ṣe tàwọn fún àyíká. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ní Ìtokú l'Abẹ́òkúta, ẹ lè bá èyí tí aláró fọwọ́ ṣe àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun nínú ọjà kan náà. Ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn. Aró gidi máa ń wọ aṣọ já òdìkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà rẹ̀ dáadáa: níbi tí ọwọ́ èèyàn bá ti fi ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ ya ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, ilà méjì kò ní bára mu pátápátá. Tí ó bá ṣì ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó di eérú tó fúyẹ́. Pọlisítà á yọ́, á sì dì gbagidi. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe pọlisítà, òun ló sì ju ìdajì lọ nínú gbogbo fọ́nrán aṣọ tí ayé ń ṣe lónìí. Gbogbo ìgbà tí a bá fọ̀ ọ́ ni èérún ike tí ojú kò rí ń bọ́ sínú omi.

Àṣìṣe kejì lórí àdìrẹ kan àwọn tó ń kọ́ ọ fúnra wọn nínú ilé. Ewé ẹlú ni àwọn ìyá wa ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Aró inú agolo tí wọ́n ń po mọ́ kọ́síìkì sódà ló pọ̀ lóde báyìí, ó sì yára. N kò bá ẹni tó ń fi í jẹun jà. Ohun tó ń dùn mí ni kí omi aró bẹ́ẹ̀ máa ṣàn lọ sí gọ́tà, nítòsí kànga tí àwọn aládùúgbò ń pọn. Kọ́síìkì ń bó èèyàn lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ lo aró tó wà nílẹ̀ títí yóò fi tán lágbára kí ẹ tó po òmíràn, kí ẹ má sì dà á síbi tí yóò ti wọ omi mímu. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ bi aláró yín léèrè ibi tó ń da omi rẹ̀ sí. Oníbàárà tó ń béèrè ló ń mú kí oníṣẹ́ tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má fi oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun fọ àdìrẹ, ẹ má sì fi omi gbígbóná. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ló fẹ́, lọ́tọ̀ sí aṣọ mìíràn. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ti àdìrẹ, abẹ́ ibòji ló dára. Tó bá sì ṣá, kì í ṣe òpin rẹ̀ nìyẹn. Láyé àtijọ́, inú ìkòkò aró ni aṣọ tó bá ṣá ń padà sí, á jáde bíi tuntun, aláró ìsinsìnyí sì ṣì ń bá èèyàn ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ tó ti bá èèyàn pẹ́ jẹ́ ohun àmúyangàn.

Aṣọ ẹbí

Ìfẹ́ ló wà nídìí aṣọ ẹbí, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní àṣà burúkú. Àṣìṣe ibẹ̀ ni aṣọ tí kò lè jáde lẹ́ẹ̀kejì: léèsì pọlisítà tí wọ́n lẹ òkúta dídán mọ́, tí wọ́n wá gé wẹ́wẹ́ láti fi rán kọ́sẹ̀ẹ̀tì tó fún mọ́ra. Bí onítọ̀hún bá sanra díẹ̀, ó parí. Ẹ wo ìró ní tirẹ̀. Aṣọ gbọọrọ tí kò sí ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀ ni. A lè ró o fún ogún ọdún, ká tún wá fi rán ẹ̀wù fún ọmọ. Ẹ sọ fún télọ̀ kó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán kó lè ṣe é tú síta lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, ẹ lè dá àwọ̀ nìkan fún àwọn èèyàn, kí oníkálùkù wá a nínú àpótí rẹ̀. Ẹ sì lè dá gèlè àti fìlà nìkan. Tó bá jẹ́ odindi aṣọ lẹ fẹ́, ẹ dá èyí tí wọn yóò lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn náà. Aṣọ òkè ló wù mí jù. Sányán àti ẹtù tí ìyá wọ̀ ṣègbéyàwó, ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ó sì ń buyì kún un.

Ọ̀kìrìkà àti àkísà

Ẹni tó bá ń wọ ọ̀kìrìkà ń ṣe dáadáa, nítorí ó ń fún aṣọ ní ọjọ́ kún ọjọ́. Kí ẹ kó méje nítorí pé wọ́n pọ̀ nílẹ̀ ni kò dáa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ronú kan ohun mẹ́ta tí ẹ ní nílé tí aṣọ náà máa bá mu. Tí ẹ kò bá rí, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì sun aṣọ mọ́ pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Èéfín pọlisítà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọdé ló sì sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ tú bọ́tìnnì àti síìpù rẹ̀, ẹ fún télọ̀. Àkísà òwú dára fún nínu ilẹ̀, èyí tó jẹ́ pọlisítà kò fa omi, nítorí náà inú ìrọ̀rí ni kí ẹ kì í sí.