Ẹ má fi nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe òfin

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tí à ń wà ní Bìrìtéènì báyìí ló ń sọ ìwọ̀n eré tí òfin fàyè gbà fún awakọ̀. Nọ́ńbà á yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nínú òrùka pupa. Tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Láti July 7, 2024 ni European Union ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ tiwọn, ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà níbí. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa tó ń fi ọkọ̀ jẹun pé nọ́ńbà tí ọkọ̀ bá ti gbé jáde làwọn ń tẹ̀ lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ọkọ̀ kò mọ òfin. Kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lókè níbi díńgí, ló ń ka àmì ẹ̀bá ọ̀nà, máàpù inú ọkọ̀ sì ń gbè é lẹ́yìn. Ní England, àdúgbò tí iná ojú títì bá wà, tí kò sí àmì mìíràn, máìlì 30 ní wákátì ni, wọn kì í sì í ri àmì 30 mọ́lẹ̀ káàkiri ibẹ̀ láti rán yín létí. Kí wá ni kámẹ́rà fẹ́ kà? Ó lè di 40 tó kà gbẹ̀yìn mú títí wọ àdúgbò tí àwọn ọmọdé ti ń sáré ká.

Ní Wales, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ní September 17, 2023, wọ́n sọ irú àwọn títì bẹ́ẹ̀ di máìlì 20, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dá àwọn kan padà sí 30. Ọkọ̀ tí máàpù rẹ̀ ti pẹ́ kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé máàpù ọkọ̀ kò kàn yín nítorí pé Google Maps lẹ ń lò lórí fóònù. Nọ́ńbà tí ọkọ̀ ń gbé jáde kò tinú fóònù yín wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ń jẹ́ kí cruise control, ètò tó ń di eré ọkọ̀ mú láìjẹ́ pé ẹ fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ lé nọ́ńbà náà. Ẹ wà lórí mọ́tòwéè, ẹ ń sá 70, ọ̀nà kan yà sí apá òsì yín, àmì 40 wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń yà. Kámẹ́rà kà á, ó rò pé tiyín ni, ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ eré nígbà tí tírélà wà lẹ́yìn. Tírélà náà tún ní tirẹ̀: àwọn kan tó ń ti Yúróòpù gba Dover wọ mọ́tòwéè M20 máa ń lẹ 80 róbótó mọ́ ẹ̀yìn, kìlómítà sì ni, ìwọ̀n eré tírélà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí kámẹ́rà kà á fún yín.

Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni yóò sáré sí i. Ní February 2020, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ McAfee, tó ń ṣe ààbò kọ̀ǹpútà, ròyìn pé àwọn lẹ téèpù dúdú bí ínṣì méjì mọ́ nọ́ńbà 3 lára àmì 35 ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ Tesla ọdún 2016 kà á sí 85, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kún eré. Tí ọkọ̀ yín bá ní ètò yìí, ẹ ṣe é kó máa béèrè lọ́wọ́ yín kó tó yí eré padà.

Lórí mọ́tòwéè tó ní nọ́ńbà oníná lókè, òfin ni èyí tó bá wà nínú òrùka pupa, àní bí ọkọ̀ yín bá ṣì ń sọ 70. Àwọn iná náà ń ṣẹ́jú ju bí ojú wa ṣe lè rí lọ, kámẹ́rà sì lè wò wọ́n lásìkò tí wọ́n kú.

Ariwo rẹ̀ lè sú yín lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ má bo kámẹ́rà o! Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń ran bíréèkì pàjáwìrì lọ́wọ́. Ẹ má lẹ nǹkan kan síwájú rẹ̀, ẹ má sì pààrọ̀ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ ẹni tí kò lè tún ojú kámẹ́rà tò lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè máa wo ibi tí kò yẹ láìsí pé iná ìkìlọ̀ kankan tàn.

Ẹ má sì lọ sọ fún adájọ́ pé ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní gbà á. Ìtanràn tó kéré jù fún eré àsápajúdé ni £100 pẹ̀lú póìǹtì ìjìyà 3 lórí láísẹ́ǹsì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wakọ̀ fún ogún ọdún ní Èkó, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò níbí, awakọ̀ tuntun lòfin kà yín sí fún ọdún méjì: tí póìǹtì yín bá pé 6 láàárín ìgbà yẹn, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì, ẹ ó sì tún ìdánwò ṣe látìbẹ̀rẹ̀.