Bí fáànù ẹ̀rọ amúlégbóná wa ṣe padà ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ thermostat ilé (ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń pàṣẹ ìgbóná ilé), ilé ń gbóná bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí fáànù nìkan máa fẹ́, kò mira rárá. Èyí ni kò jẹ́ kí n fura sí mọ́tò, nítorí pé nígbà tí iná bá ń jó, bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ (pátákó tó ń darí rẹ̀) fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún fáànù, ṣùgbọ́n wáyà G, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, ni thermostat fi ń pè é.

Mo pa iná ẹ̀rọ náà pátápátá, nítorí bí R (wáyà tó ń gbé iná wá) bá kan C (wáyà tí iná ń gbà padà) nígbà tí iná volt 24 ṣì wà nínú wọn, fíúsì orí bọ́ọ̀dù lè jó. Mo yọ thermostat, mo fi wáyà kékeré kan so R mọ́ ṣóńṣó orí G, mo sì tan iná padà. Fáànù fẹ́! Ọkàn mi balẹ̀: mọ́tò àti wáyà G dára, ìdí thermostat ni àléébù wà.

Mo tún pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí thermostat: rọ́bà ara G ni ìdè rẹ̀ dì mú, kì í ṣe bàbà inú rẹ̀. Mo bó rọ́bà náà sí i díẹ̀, mo tì í wọlé dáadáa, mo sì dè é le.