Owó ọjọ́ mẹ́rin ni mo gbà, iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo ṣe

£720 ni mo ní kí wọ́n san fún mi. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa kí n tó dárúkọ iye náà: ọjọ́ mẹ́rin, £180 lójúmọ́, ká parí ẹ̀ ká sinmi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò fún mi lọ́rùn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni iṣẹ́ náà gbà. Ẹ fi ọjọ́ pín owó, kò tó £38 lójúmọ́. Ọmọ tó ń pín ìwé ìpolówó lẹ́bàá ibùdókọ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Káńsù kan ní London (n ò ní dárúkọ wọn, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n tún pè mí) fẹ́ kó gbogbo owó ìrànwọ́ tí àkókò àtibéèrè fún un ti kọjá sórí ìkànnì wọn, láti 2017 títí di ìsinsìnyí. Ẹ lè bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ohun tó ti tán ṣe. Ìlànà kan wà tí ìjọba gbé jáde fún àwọn káńsù England ní 2015, Local Government Transparency Code lorúkọ rẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún kí wọ́n máa fi han aráàlú, ẹgbẹ́ aláàánú tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n fún lówó, iye tí wọ́n fún un, ọjọ́ tí wọ́n fún un, ohun tí owó náà wà fún, títí dé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Káńsù tèmi ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú PDF ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tó ń wá a pàápàá ò ti ní rí i. Wọ́n wá ra CMS tuntun (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sórí ìkànnì), wọ́n ní kí owó kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí wọ́n sì lẹ àmì "Ó ti parí" mọ́ ọn. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni gbogbo rẹ̀.

Wíwọlé, ṣíṣí ojú ewé tuntun, kíkọ àkọlé, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ẹni tó bá ti kọ nǹkan sórí ìkànnì rí mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ ni àpótí kékeré kan tó ń béèrè ọjọ́ ìparí. Mo kọ 28 oṣù Kẹjọ 2020 sí i. Owó Kòrónà ni, èyí tí ìjọba ní kí àwọn káńsù bá òun pín fún àwọn oníṣòwò: £10,000 fún àwọn kéékèèké, tó lè dé £25,000 fún àwọn ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé ìgbafẹ́ kan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ètò náà pa jákèjádò England. Mo tẹ bọ́tìnì àtigbéjáde. Lẹ́tà pupa yọ sí mi: ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ti parí ni wọ́n ní kí n gbé jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti fi gbé e jáde ló ń sọ pé òun ò gba ohun tó ti parí. Àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì tó ní kí òkú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Mo wá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí i, mo gbé e jáde, mo ní bó bá ti jáde tán n ó padà yí i. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní káńsù fi pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù, irú títutù tí òyìnbó fi ń bínú. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìròyìn owó tuntun ló ti gba ímeèlì pé £10,000 wà nílẹ̀? N ò mọ̀. Ta ló sọ fún mi pé CMS yẹn máa ń dá ímeèlì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀? Ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ti pè wọ́n, ó ní òun ń wá fọ́ọ̀mù, òun ò rí i. Ojú ọkùnrin yẹn tì mí ju ti káńsù lọ. Ẹni tí owó iná ń dá lóró, ẹ fi £10,000 hàn án, ẹ tún gbà á padà kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni CMS náà pé kí wọ́n bá wa ṣí ìdènà ọjọ́ yìí. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo rí gbà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Àìlè-jókòó-lásán ló jẹ́ kí n ka ìwé ìtọ́sọ́nà wọn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè fi fáìlì CSV, ìyẹn ṣíìtì lásán tí kọ̀ǹpútà lè kà, kó ojú ewé púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọ̀nà ibẹ̀ kì í yẹ ọjọ́ wò, kì í sì í fi ímeèlì ránṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo to gbogbo mẹ́tàlélọ́gọ́rin sínú ṣíìtì kan. Ẹ ṣọ́ra fún òdo iwájú níbẹ̀ o: nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní England jẹ́ àmì mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ fún ṣíìtì pé ọ̀rọ̀ ni kó ka òpó yẹn sí, yóò gbé òdo náà mì, méje ni yóò kù. Ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko lọ sórí ìyẹn. Aago méjì òru ni mo kó wọn wọlé. Gbogbo wọn jáde, àmì "Ó ti parí" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jí ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó ní, "Èyí lẹ torí ẹ̀ jí mi?"

Ní àárọ̀, ímeèlì ti dé. Ojú ewé owó Kòrónà ń sọ pé 29 oṣù Kẹjọ ló parí.

Mo ní àṣìṣe ọwọ́ mi ni. Mo wọ ẹ̀yìn ìkànnì lọ, mo ṣí àkọsílẹ̀ náà: 28. Mo padà síwájú níbi tí aráàlú ti ń wò ó: 29. Mo ṣí fáìlì mi: 28. Mo pa ohun tí kọ̀ǹpútà kó pamọ́ rẹ́, mo lo fóònù, mo lo fóònù ìyàwó mi. 29. Mo wo òmíràn, owó ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó parí ní oṣù Kìíní, ó pé bí ó ṣe yẹ. Mo wo ìkẹta, ó fi ọjọ́ kan jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ṣìnà, èèyàn á mọ ibi tí yóò bá a gbà. Èyí tó ń yan èyí tó wù ú ló ń mú orí ẹni gbóná.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Mo kó fáìlì kan náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé yóò bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Kò bo nǹkan kan. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin di mẹ́rìndínláàádọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ní ìbejì, ìbejì náà sì ṣìnà bíi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bọ́tìnì tó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni CMS, àwọn náà sì wà níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì mi wà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta irú eléyìí, mo mú bírò àti ìwé. Mo kọ àwọn tó ṣìnà sí apá òsì, àwọn tó pé sí apá ọ̀tún. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ṣìnà, mẹ́tàdínlógójì ló pé. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n ò rí nǹkan kan. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ń fò lórí ìkànnì mi."

"Aago mélòó ni àwọn owó náà parí?"

"Rárá sà, ọjọ́ ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe aago."

"Mo gbọ́ ẹ. Aago mélòó?"

"23:59, sà. Gbogbo wọn."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Lọ wo oṣù Kẹwàá nínú ìwé ẹ."

Mo wò ó. Owó méjì wà nínú oṣù Kẹwàá 2020. Èyí tó parí ní 23 ṣìnà. Èyí tó parí ní 30 pé. Ọjọ́ Sunday tó wà láàárín wọn, ìyẹn 25, ni wọ́n dá aago padà ní Ìlú Ọba. Àyà mi já. Mo wo apá òsì látòkè délẹ̀: òpin oṣù Kẹta sí òpin oṣù Kẹwàá, kò sí èyí tó yà kúrò níbẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ ò gùn. Bí ẹ bá kó 23:59 wọlé láìsọ ti ibo ni aago náà, CMS yẹn á gbà á pé UTC ni, aago àgbáyé tí kì í yí. Bó bá wá fẹ́ fi han aráàlú, á yí i sí aago London. Nígbà òtútù, bákan náà ni méjèèjì. Nígbà ooru, London fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà ìṣẹ́jú kan sí òru ọjọ́ 28 yóò di 00:59 ọjọ́ 29. Ojú ewé náà kì í sì í fi aago hàn, ọjọ́ nìkan ló ń kọ, ìdí nìyẹn tí n ò fi fura. Ẹ̀yìn ìkànnì ní tirẹ̀ ń fi UTC hàn mí, 28 tó dára lójú. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn, níbi tí aago kì í yí láti January dé December, ọdún mélòó la máa lò níbí kí ọ̀rọ̀ yìí tó wọ̀ wá lára?

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àmì mẹ́fà lọ. Mo fi +01:00 sí ìdí aago àwọn tó bọ́ sí ìgbà ooru, +00:00 sí ìdí àwọn yòókù, mo fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí òpó àkọ́kọ́ kó má tún bí ìbejì, mo kó wọn wọlé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. 28 oṣù Kẹjọ 2020 jókòó síbi tó yẹ ẹ́. N ò jí ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kejì ni tíkẹ́ẹ̀tì mi ní èsì. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìparí náà wò, bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ gan-an ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ní kí n fi ìràwọ̀ sọ bí inú mi ṣe dùn sí ìrànlọ́wọ́ wọn tó.

Ẹni tó bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ǹ bá ti ṣe ni pé ǹ bá ti gbé ojú ewé méjì péré jáde kí n tó dárúkọ owó, ọ̀kan tó parí ní oṣù Kìíní, ọ̀kan tó parí ní oṣù Keje. Méjèèjì yẹn ìbá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù ta ló máa ń gba ímeèlì nígbà tí ojú ewé bá jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pa á ná. Bí ẹ bá sì rí ìwé àtijọ́ tó ní owó kan parí ní "midnight" ọjọ́ báyìí, ẹ má kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìkọ̀wé GOV.UK sọ pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ọjọ́ ni midnight, kì í ṣe ìkẹyìn, ó sì dábàá 11:59pm kí ọ̀rọ̀ má bàa rú ènìyàn lójú. Mẹ́rin irú ẹ̀ ni mo bá, ẹni tó kọ wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin káńsù ló bá mi wá ímeèlì àtijọ́ jáde ká tó mọ òru tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, láìka ohùn tútù yẹn sí.

Ó tún kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ojú ewé náà wù wọ́n, pé àwọn tún ní ọgọ́fà mìíràn láti 2010 sí 2016, ṣé mo lè ṣe é ní iye ti àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ báyìí. Mo ti fi iye tuntun ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹrin rèé, wọn ò tíì fèsì.