Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Bí A Bá Ń Yan Ìwé Dáínósọ̀ Fún Ọmọ

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mú ìwé kan wá sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan. Ìwé tòkunbọ̀ ni, bébà rẹ̀ nípọn, àwòrán inú rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ṣí i sí ibi tí Tyrannosaurus, dáínósọ̀ ńlá tó ń jẹ ẹran, ti nàró bí èèyàn, tó ń wọ́ ìrù nílẹ̀, ó wá bi mí pé: "Àǹtí, ṣé ẹni tó yà á rí i ni?" Mo wo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè rẹ̀ ni mo fi ń yẹ ìwé sáyẹ́ǹsì wò kí n tó gbé e fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ojú ni ọ̀pọ̀ àwa òbí àti olùkọ́ fi ń ra ìwé. Bí èèpo ẹ̀yìn bá ti rẹwà, tí eyín ẹranko náà sì ṣe ṣóńṣó, owó ti jáde nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà sí. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ó lè wà níwájú, ó lè wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé tó wà lórí àtẹ lọ́jà wa jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó ti lò tì. Ìyẹn ò ba ìwé àlọ́ jẹ́, torí àlọ́ kì í gbó. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ẹranko wọ̀nyí ń yí padà, ó sì ti yí padà gan-an láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ọdún yìí.

Ẹ gbé ìrù Tyrannosaurus yẹn yẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé ṣe ń yà á. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ipasẹ̀ tó ti di òkúta, agbára káká ni a fi ń rí ojú ibi tí ìrù ti wọ́ ilẹ̀. Òkè ni ìrù náà ń wà, ó nà gbọọrọ sẹ́yìn láti mú kí orí tó wúwo níwájú má gbé ẹranko náà ṣubú. Velociraptor náà ńkọ́? Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí kókó kéékèèké lára eegun apá ọ̀kan tí wọ́n hú ní Mòngólíà, irú kókó tí gàgá ìyẹ́ ẹyẹ máa ń so mọ́. Ìyẹ́ wà lára rẹ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ ò sì ju ti tòlótòló lọ. Ìwé tó bá yà á ní ìhòòhò bí alángbá, tó ga tó àgbàlagbà ọkùnrin, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹ má sì rò pé ọdún títẹ̀ nìkan ti tó, torí àwọn ayàwòrán kan ṣì ń wo ìwé àtijọ́ ya ti tuntun.

Àṣìṣe tó dùn mí jù lọ ni ti ìwé tó kó gbogbo ẹranko àtijọ́ sínú ìkòkò kan, tó ní dáínósọ̀ ni gbogbo wọn. Pteranodon tó ń fò kì í ṣe dáínósọ̀. Àwọn ẹranko gìrìwò tó ń gbé inú òkun bíi plesiosaur kì í ṣe dáínósọ̀. Dimetrodon, tó ru ohun tó dà bí ìgbòkun sẹ́yìn, ti parẹ́ tipẹ́ kí dáínósọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ayé, ó sì bá àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú tan ju bó ṣe bá alángbá tan lọ. Mammoth, erin onírun nì, gbé ayé pẹ̀lú èèyàn. Nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó gbẹ̀yìn wọn kú ní erékùṣù Wrangel lókè Rọ́ṣíà. Àwọn dáínósọ̀ àtijọ́ kò bá èèyàn pàdé rí.

Nítorí èyí ni mo ṣe na okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì. Mo ní kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan, kí orí okùn jẹ́ òní. Mo so rìbọ́n pupa mọ́ ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66, níbi tí Tyrannosaurus parẹ́ sí nígbà tí òkúta ńlá láti ojú ọ̀run já lu ilẹ̀ Mẹ́síkò. Mo so aláwọ̀ ewé mọ́ 150, ti Stegosaurus, dáínósọ̀ mìíràn, nìyẹn. Àwa èèyàn kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn rí i pé Tyrannosaurus sún mọ́ wa ju bó ṣe sún mọ́ Stegosaurus lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pa dà síbi àwòrán tí àwọn méjèèjì ti ń jà nínú ìwé, wọ́n ní irọ́ ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó ń sọ̀rọ̀ bí ọba tó ń pàṣẹ. Ìwé tó dáa máa ń sọ bí wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n mọ̀, ó sì máa ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣì í. Gideon Mantell ṣàlàyé Iguanodon, dáínósọ̀ kan, ní Ìlú Ọba lọ́dún 1825. Lẹ́yìn náà, eegun ṣóńṣó kan wà láàárín àwọn eegun ẹranko náà tó rò pé ìwo orí imú ni. Lọ́dún 1878, àwọn awakùsà rí egungun odidi ọ̀pọ̀ Iguanodon ní Bernissart ní Bẹ́ljíọ̀mù, àṣírí wá tú pé àtàǹpàkò ni. Ère rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọgbà Crystal Palace ní London lọ́dún 1854 ṣì ru ìwo náà sórí imú di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, ibẹ̀ ò jìnnà sí yín; ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Ti àwọ̀ ara náà ń kọ́? Fún èyí tó pọ̀ jù nínú dáínósọ̀, ayàwòrán ló fúnra rẹ̀ yan àwọ̀. Díẹ̀ la mọ̀, bíi Sinosauropteryx ti Ṣáínà tí ìrù rẹ̀ ní ìlà àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ó yẹ kí ìwé fi ìyàtọ̀ yẹn han ọmọ.

Ẹ wo máàpù inú ìwé náà pẹ̀lú. Bí Áfíríkà bá ṣófo níbẹ̀, ìwé náà kò pé. Ní Niger tó múlé gbè wá ni wọ́n ti hú Nigersaurus, tí eyín rẹ̀ lé ní 500, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni fẹ́ fi gbálẹ̀. Ní Tendaguru ní Tanzania ni eegun dáínósọ̀ gìrìwò tí wọ́n tò dúró sí Berlin ní Jámánì ti wá, gíga rẹ̀ ju mítà 13 lọ. Ní ìpínlẹ̀ Sókótó wa níbí, wọ́n rí eegun Goronyosaurus, ọ̀dẹ inú omi, torí òkun dé ibẹ̀ nígbà kan rí. Òun náà kì í ṣe dáínósọ̀ o.

Èyí tó kù ni ìwé tó ní dáínósọ̀ ti kú tán pátápátá. Ìdílé wọn ni ẹyẹ ti wá. Nígbà tí mo se adìyẹ lọ́jọ́ Àìkú, mo yọ eegun tó wà lókè àyà rẹ̀, èyí tó la ẹ̀ka méjì bí igi kànnàkànnà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Tyrannosaurus náà ní irú rẹ̀. Mo gbé e lé ọmọkùnrin yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé rẹ̀ tòkunbọ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó sì ya ìrù mìíràn fún Tyrannosaurus, èyí tó kúrò nílẹ̀.