Bí Mo Ṣe Jí Ceramic Ọkọ̀ Mi Dìde Lẹ́yìn Ọyẹ́

Nígbà tí mo gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ àwọn tó bá mi kun ceramic sí i ní oṣù kẹwàá, ìyẹn oje tí wọ́n ń kùn lé ọ̀dà ara ọkọ̀ kí omi àti ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ ọn, omi ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ẹ bu omi dà sórí bónẹ́ẹ̀tì, á ká ara rẹ̀ jọ róbótó-róbótó, á máa yí lọ bí omi orí ewé kókò. Títí di Kérésì ni mò ń fi ìyẹn yangàn ládùúgbò. Ọyẹ́ wá dé. Títì wa níhìn-ín ní Ìbàdàn kò ní ọ̀dà, erùpẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, omi kàn tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ọkọ̀ ni, kò yí, kò sì ṣàn.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi fọ̀ ọ́ lẹ́bàá títì fọwọ́ pa á wò. Ó ní, "Ọ̀gá, ceramic yín ti tán. Àfi kí ẹ tún òmíràn kùn."

Inú mi kò dùn, àmọ́ n kò gbà á gbọ́ pátápátá. Silica, tí í ṣe ìpìlẹ̀ gíláàsì, ló wà nínú ceramic yìí. Ó gan mọ́ ọ̀dà ara ọkọ̀ ni, kì í yọ́ nínú oòrùn bíi wax tí wọ́n ń fi pa ọkọ̀. Oṣù márùn-ún kéré fún un. Ó jọ pé nǹkan ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní n óò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ fúnra mi kí n tó náwó.

Àárọ̀ Sátidé, kí aago méje tó lù, mo gbé ọkọ̀ sí ibòòji. Ọṣẹ tó bá gbẹ mọ́ irin gbígbóná á fi àpá sílẹ̀. Mo pọn omi sí garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì omi lásán, pẹ̀lú ike kékeré ọ̀tọ̀ fún táyà. Omo kọ́ ni mo lò o. Iṣẹ́ Omo ni láti yọ epo ọbẹ̀ lára aṣọ; ó le jù fún èyí. Ọṣẹ ọkọ̀ tí wọ́n kọ "pH neutral" sí lára, ìyẹn èyí tí kò le, tí kò sì kan, ni mo rà.

Táyà ni mo kọ́kọ́ fọ̀, torí ibẹ̀ ló dọ̀tí jù. Lẹ́yìn náà mo fi rọ́bà omi ṣan ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí iyanrìn kọ́kọ́ lọ. Ibí ni àwọn tó ń bá wa fọ mọ́tò ti ń bà á jẹ́: fóòmù tí wọ́n fi nu táyà dáńfó, òun náà ni wọn á gbé sórí bónẹ́ẹ̀tì yín, tòun ti iyanrìn. Mo wọ ìbọ̀wọ́ onírun, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí rúùfù, mo ń fà á tààrà, n kò yí i po. Bí mo bá parí ilẹ̀kùn kan, mo ṣan ìbọ̀wọ́ nínú garawa omi lásán kí n tó tì í bọ ọṣẹ padà. Ní ilẹ̀kùn kẹta, omi yẹn ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀.

Igi máńgòrò wà lẹ́nu ọ̀nà wa, àdán sì wà lórí igi. Ẹ̀dá tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ yìí ti ṣu sórí bónẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ ń yún mi kí n fi èékánná ha á. Mo rẹ tíṣù sómi, mo tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, méjì ṣí wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ti jẹ wọlé, ó fi àpá bí èékánná àtàǹpàkò sílẹ̀. Ceramic ń dá irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo wá fọ́n oògùn tó ń yọ irin sí i. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi elésè àlùkò, bí ẹni pé ọkọ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ tó ń gbọ̀n dànù lára bíréèkì ló ń mú. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyàwó mi ti gbogbo fèrèsé pa. Mo ṣàn án kó tó gbẹ.

Ó ku àmì funfun omi bọ́ọ̀hóòlù, tí ọṣẹ kò ràn. Mo da fínígà lu omi, ìdajì sí ìdajì, mo dán an wò ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kan ná. N kò rí aburú, mo wá fi aṣọ rírẹ tẹ́ ẹ lórí àwọn àmì náà fún ìṣẹ́jú kan, mo sì ṣàn án kíá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi omi bọ́ọ̀hóòlù kan náà ṣe àṣekẹ́yìn, iṣẹ́ òfo ni. Mo ti gbé garawa sábẹ́ páànù lálẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí òjò ti fọ eruku orí òrùlé lọ. Omi òjò yẹn ni mo dà lé e. Lórí rúùfù, omi sáré ká ara rẹ̀ jọ. Mo hó bí ọmọdé.

Mo tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì lé e, mo ń fà á jẹ́jẹ́ láìfi agbára nù ún. Ẹyọ kan já bọ́ sílẹ̀, mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti táyà ló dà nìyẹn. Oògùn fífọ́n tó ń ran ceramic lọ́wọ́ ló kẹ́yìn. Mo ṣe ojúkòkòrò, mo fọ́n ọn bí ẹní ń fọ́n lọ́fínńdà, bónẹ́ẹ̀tì bá di kìkì ìlà-ìlà. Mo ní láti tún fọ́n díẹ̀ sára aṣọ gbígbẹ, kí n fi nù ún títí tó fi dán. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tó fún ilẹ̀kùn kan.

Nírọ̀lẹ́ mo mú kọ́ọ̀pù omi jáde, mo ń dà á káàkiri. Rúùfù, bónẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilẹ̀kùn, omi ń yí. Àfi ẹ̀gbẹ́ òsì búùtù, níbi tí ọmọkùnrin yẹn ti fi kànrìnkàn onírin ha ọ̀dà dúdú tó ta sí i ní títì ńlá kúrò nígbà ọyẹ́. Omi tẹ́ síbẹ̀, ó dúró. Ibẹ̀ nìkan ni ceramic ti tán lóòótọ́.